Abẹ́rẹ́, Wáyà, àti Ọ̀nà Òṣùpá

  

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ nínú ilé, tí ó yẹ kí a tún yẹ̀ wò. Bí ọmọbìnrin bá mọ ìwé, a ó ní ọpọlọ rẹ̀ jí pépé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ àti òwú ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, bí ó bá mọ ìlẹ̀kẹ̀ sín, tí ó sì mọ irun kó, a ó ní, “Ó ṣáà rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe.” Ọ̀rọ̀ náà kò dún bí èébú, ṣùgbọ́n ọmọ tí a sọ ọ́ sí mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé iṣẹ́ ọpọlọ wà lọ́tọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wà lọ́tọ̀, àti pé èkejì kéré sí èkíní.

Lọ́sẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí a jókòó wo iṣẹ́ àwọn obìnrin kan ní ìlú Waltham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n mú lọ́wọ́, wáyà ni wọ́n fi ṣe òwú. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ó sì tọ́ ọmọ ènìyàn sọ́nà títí tí ó fi dé òṣùpá.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé Waltham, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ẹ̀yìn rédíò wò, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé tọmọdé tàgbà.

Ẹ̀yin àgbà inú wa yóò rántí asọ̀rọ̀mágbèsì àtijọ́, èyí tí ó rí bí àpótí pákó, tí a ó tan án, tí a ó sì dúró kí ó gbóná kí ó tó fọhùn. Ẹni tí ó bá dojú irú rédíò bẹ́ẹ̀ délẹ̀, tí ó wo abẹ́ rẹ̀, yóò rí ohun tí ó jọ ìtẹ́ ẹyẹ. Àwo irin pẹlẹbẹ kan ni gbogbo rẹ̀ jókòó lé. Lókè àwo náà ni àwọn gílóòbù dúró sí. Lábẹ́ rẹ̀ ni wáyà ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, pupa, dúdú, àti aláwọ̀ ewé. Láàárín àwọn wáyà wọ̀nyí ni àwọn nǹkan kéékèèké wà. Òmíràn ń dín agbára iná kù. Òmíràn ń gba iná pamọ́, yóò sì tú u sílẹ̀ nígbà tí ó bá yẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ẹsẹ̀ wáyà, a sì ti so ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tirẹ̀.

Ọwọ́ ènìyàn ni ó so gbogbo rẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ń ṣe rédíò ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba nígbà náà, obìnrin ni ó pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Wọn yóò jókòó ní ẹsẹẹsẹ. Ẹnìkan yóò so ìwọ̀nba tirẹ̀, yóò sún un sí ẹnìkejì, ẹnìkejì yóò so tirẹ̀, títí rédíò yóò fi pé.

Bí wọ́n ti ń so ó nìyí. Wọn yóò kọ́kọ́ há ẹsẹ̀ wáyà mọ́ etí irin kékeré tí ó yẹ kí ó dì mọ́, wọn yóò fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ kí ó má baà mì. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé irin gbígbóná tì í. Ojú ìdè náà gan-an ni wọn yóò mú gbóná, kì í ṣe òjé. Bí ojú ìdè bá ti gbóná tó, tí wọ́n bá fi òjé kàn án, òjé yóò yọ́ fúnra rẹ̀, yóò sì wọ ibi gbogbo bí òrí tí ó kan ara tí ó gbóná. Bí ó bá tutù tán, yóò máa dán.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kánjú yóò yọ́ òjé sórí irin gbígbóná, yóò sì kán an sórí ojú ìdè tí kò tíì gbóná. Òjé náà yóò kàn jókòó sórí rẹ̀ ni. Lójú, ó dì. Nínú, kò dì. Ìdè tútù ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Rédíò náà yóò sọ̀rọ̀ lónìí, yóò sọ̀rọ̀ lọ́la. Ní ọ̀túnla, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ha bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe. Bí a bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sọ̀rọ̀. Bí a bá jókòó, yóò tún dákẹ́. Oníṣẹ́ tí ó kánjú ti lọ sílé rẹ̀ tipẹ́. Ẹni tí ó ra rédíò ni ìyà iṣẹ́ náà wá ń jẹ.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, bí irú rédíò àtijọ́ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ilé yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ tú u. Iná inú rédíò gílóòbù lágbára púpọ̀. Àwọn nǹkan kéékèèké tí mo sọ pé wọ́n ń gba iná pamọ́ sì lè mú iná dání síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ó lè pa ènìyàn. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni kí ó tú u.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Nítorí pé iṣẹ́ wáyà yìí gba àkókò, tí ó sì gba ọwọ́ púpọ̀, àwọn ènìyàn ń wá ọ̀nà mìíràn. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Paul Eisler, ọmọ ìlú Vienna ní Austria, tí ó ṣí lọ sí London ní ọdún 1936. Ó mọ̀ nípa iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ó rò ó wò pé, kí ni a ń so wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí, nígbà tí a lè tẹ ọ̀nà iná sórí pátákó bí ẹni tẹ ìwé? A ó wá pátákó tí iná kò lè gba inú rẹ̀ kọjá, a ó lẹ bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn lójú. A ó kun ibi tí a fẹ́ kí iná máa gbà, a ó sì rì í sínú omi kíkan tí í jẹ bàbà. Ibi tí a kùn yóò kù. Ìyókù yóò jẹ dànù.

Ẹ̀yin aláró tí ń ka ìwé yìí, kò ṣe àjèjì sí yín. Ó jọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ibi tí ẹ bá kun ẹ̀kọ sí, aró kò ní í dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni pátákó yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1960, ó ti wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ rédíò. Irú rẹ̀ ni ó wà nínú fóònù tí ẹ mú lọ́wọ́ lónìí. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó sáré gbà á. Ilé-iṣẹ́ Zenith ní Chicago ń fi wáyà àti ọwọ́ ṣe tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bọ́ sórí pátákó. Ó sì ń fi í polówó ọjà pé, ti òun, ọwọ́ ni a fi ṣe é. Nígbà tí ó yá, òun náà gba pátákó.

Iṣẹ́ wáyà mìíràn sì tún wà tí kò lo òjé rárá. Ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un jáde, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, fún iṣẹ́ tẹlifóònù. Òpó irin kékeré onígun mẹ́rin ni wọ́n ń lò. Wọn yóò bó ara wáyà, wọn yóò sì fi ohun èlò kan wé e mọ́ òpó náà yíká yíká, ó lè tó ìgbà márùn-ún sí méje, ní líle. Igun òpó náà yóò jẹ wọ ara wáyà, wáyà yóò sì di òpó mú ṣinṣin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ irun kó, ṣé ẹ rí i? Bí ẹ ti ń fi òwú dúdú wé irun láti ìdí dé orí, tí ẹ ń fà á le bí ẹ ti ń lọ, tí irun náà fi ń dúró gan-an, ọ̀nà kan náà ni.

Ó tó báyìí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Waltham.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1961, Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà sọ pé kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí, àwọn yóò gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá, àwọn yóò sì mú un padà wá sílé láyọ̀. Ọkọ̀ tí yóò lọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀rọ tí yóò máa ṣírò ọ̀nà, ìyẹn kọ̀ǹpútà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Cambridge, tí kò jìnnà sí Waltham, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ilé-iṣẹ́ Raytheon ní Waltham ni ó sì ń fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ìgbà náà máa ń tóbi tó yàrá. Ti ọkọ̀ òṣùpá kò gbọdọ̀ ju ẹrù kan lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ó wọn nǹkan bíi kílò 32. Níbo ni ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀ yóò tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà sí, tí kò fi ní í gbàgbé, bí ọkọ̀ ń mì, bí ooru mú, bí òtútù mú? Ìdáhùn tí wọ́n rí ni pé kí a hun ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí kò le rárá. Ẹ wo òrùka irin kékeré kan bí ẹni pé ìlẹ̀kẹ̀ ni. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń bọ̀ wá bá a. Bí wáyà náà bá gba inú òrùka kọjá, kọ̀ǹpútà yóò kà á sí ọ̀kan. Bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, yóò kà á sí òdo. Inú tàbí ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan tàbí òdo, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà mọ̀ láyé, láti inú ọ̀kan àti òdo ni ó ti ń mọ̀ ọ́n.

Nínú kọ̀ǹpútà náà, àpótí ìrántí mẹ́fà ni ó wà. Òrùka 512 ni ó wà nínú àpótí kan. Wáyà 192 ni ó sì ń kọjá lára òrùka kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó gba inú àti èyí tí ó gba ẹ̀gbẹ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá inú ni tàbí ẹ̀gbẹ́ lé ní 580,000 nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Síbẹ̀, tí a bá kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà jọ, fọ́tò kan ṣoṣo tí ọmọ yín fi fóònù yà lónìí tóbi jù ú lọ fíìfíì.

Ta ni yóò hun un? Waltham jẹ́ ìlú tí a ti ń ṣe aago ọwọ́ láti ìgbà pípẹ́, ilé ìhunṣọ sì pọ̀ ní agbègbè náà. Àwọn obìnrin tí ọwọ́ wọn ti mọ iṣẹ́ tíntìntín wà níbẹ̀. Àwọn ni Raytheon gbà síṣẹ́. Ẹ̀rọ kan tí téèpù oníhò ń darí ni yóò gbé ojú òrùka tí ó kàn wá síwájú oníṣẹ́. Obìnrin náà yóò ti abẹ́rẹ́ tí wáyà wà nínú rẹ̀ bọ ibẹ̀, yóò fà á jáde. Ẹ̀rọ yóò sún, abẹ́rẹ́ yóò tún wọlé. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí wọ́n tó hun ìrántí ọkọ̀ kan tán.

Bí wọ́n bá hun ún tán, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní wáyà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò da oje líle bò ó, tí yóò gan pa bí òkúta. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹni tí ó lè yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀. Bí ó bá dára, ó dára títí láé. Bí ó bá ní àléébù, àfi kí wọ́n hun òmíràn.

Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi iṣẹ́ yìí ṣe àwàdà. Wọ́n ń pe ìrántí náà ní ìrántí àwọn ìyá àgbà kéékèèké. Ẹ̀yin náà gbọ́ ohùn inú àwàdà náà. Ohùn kan náà ni, “Ó ṣáà rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe.” Ṣùgbọ́n ẹ tún wo òdìkejì rẹ̀. Ẹni tí ó wà nídìí àkójọ ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà fún ọkọ̀ kan ní MIT, tí ó gbọ́dọ̀ rí i pé ó pé kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí àwọn ahunwáyà, orúkọ oyè tí wọ́n fún un ni Ìyá Okùn. Ìbáà ṣe ọkùnrin, Ìyá Okùn ni wọn yóò pè é. Àwàdà lásán kọ́ ni èyí, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò sí ohun tí yóò dé òṣùpá bí kò ṣe ohun tí ó bá gba inú okùn náà.

Àwọn arìnrìn-àjò òfurufú pàápàá wá sí ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n bọ àwọn oníṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó mú abẹ́rẹ́ dání kò tún lè sọ pé wáyà lásán ni òun ń fà. Ó ti rí ojú ẹni tí wáyà náà yóò gbé lọ, tí yóò sì gbé bọ̀ wá bá ìyàwó àti ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1969, Neil Armstrong àti Buzz Aldrin ń sọ̀ kalẹ̀ sórí òṣùpá, Michael Collins sì dúró dè wọ́n nínú ọkọ̀ kejì lókè. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ ilẹ̀, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé iṣẹ́ pọ̀ jù fún òun. Ọ̀rọ̀ tí a ti hun sínú rẹ̀ ni ó sọ fún un ohun tí yóò ṣe: kí ó ju iṣẹ́ tí kò pọn dandan sílẹ̀, kí ó di iṣẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó ṣe. Margaret Hamilton, obìnrin tí ó ṣe olórí àwọn tí ń kọ ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà náà ní MIT, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ wọn kò parun nítorí iṣẹ́ yìí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fa abẹ́rẹ́ kò sí nínú ìwé ìtàn.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ọkọ̀ Apollo 12 gbéra nínú òjò. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tí mànàmáná fi kọlù ú lẹ́ẹ̀mejì. Iná pupa tàn káàkiri inú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ohun èlò dákẹ́. Ṣùgbọ́n mànàmáná kò lè tú ohun tí a ti hun. Ọ̀rọ̀ inú okùn náà pé síbẹ̀, kọ̀ǹpútà tún gbéra, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lọ, wọ́n sì bọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni mo ń wí? Èmi kò sọ pé kí ọmọ má kàwé. Bí kò bá sí àwọn tí ó kàwé ní MIT, kí ni àwọn obìnrin Waltham ì bá hun? Ṣùgbọ́n bí kò bá sí obìnrin Waltham, ìwé MIT ì bá kù sórí tábìlì. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀kan kò lè fi èkejì ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a tún rántí ìdè tútù inú rédíò. Kì í ṣe àìmọ̀kan ni ó ń fa ìdè tútù. Ẹni tí ó ṣe é mọ bí a ti í ṣe é. Ìkánjú ni, àti èrò pé abẹ́ ni ó wà, ta ni yóò wò ó? Bẹ́ẹ̀ ni ìránṣọ tí ń rán ojú aṣọ dáadáa, tí ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ìdákúdà. Bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sórí òwú tí ó mọ̀ pé yóò já. Ohun tí ó pamọ́ lónìí kò ní í pamọ́ lọ́jọ́ tí aṣọ bá fà ya lójú agbo.

Nítorí náà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ jókòó ti abẹ́rẹ́ lálẹ́ òní, má ṣe wí fún un mọ́ pé ó ṣáà rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe. Gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Yí i padà, kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá dára bí ojú, sọ fún un, kí baba rẹ̀ náà gbọ́, pé o rí i. Bí kò bá dára, jẹ́ kí ó tú u, kí ó tún un rán, kí o sì jókòó tì í títí yóò fi parí rẹ̀.

Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa.